Kóòdù Wo Ló Yẹ Ẹ̀yìn Ríro? Ìfiwéra fún Àwọn Òṣìṣẹ́ Àkọsílẹ̀ Ìlera ní Èkìtì

Ẹ̀yìn ríro kì í ṣe àlejò ní ilé ìwòsàn Èkìtì. Ẹni tó ti ń kọ ebè láti ìgbà èwe rẹ̀, ẹni tó ń ru kòkó bọ̀ láti oko, obìnrin tó ń gún iyán tà lójoojúmọ́, ọlọ́kadà tó ń gun òkè Ẹ̀fọ̀n lọ gun òkè Ẹ̀fọ̀n bọ̀, kò sí èyí tí ìbàdí kò lè gbé wá sọ́dọ̀ dókítà nínú wọn. Ọ̀rọ̀ náà kò sì mọ sí ọ̀dọ̀ wa, nítorí Àjọ Elétò Ìlera Lágbàáyé sọ pé ní ọdún 2020, àwọn tí ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ ń ro kárí ayé tó mílíọ̀nù 619. Nígbà tí dókítà bá yẹ aláìsàn wò tán, tó sì kọ ohun tó rí sílẹ̀, fáìlì náà yóò dé ọwọ́ òṣìṣẹ́ àkọsílẹ̀ ìlera, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti sọ ọ̀rọ̀ dókítà di kóòdù, ìyẹn lẹ́tà àti nọ́ńbà tó dúró fún àìsàn kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ fáìlì ti ń gba M54.5, kóòdù ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ tó ń ro, yálà ó yẹ wọ́n tàbí kò yẹ wọ́n.

M54.5 kì í ṣe kóòdù burúkú. Àwọn aláìsàn tó yẹ pọ̀, nítorí pé lára ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ẹ̀yìn ń ro, kò sí àyẹ̀wò tó lè tọ́ka sí ibì kan pàtó pé ibẹ̀ ni ìrora ti ń wá. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé kóòdù gbọ́dọ̀ tẹ̀lé ohun tó fa ìrora nígbà tí dókítà bá ti dárúkọ rẹ̀, kí ó sì dúró lórí ìrora fúnra rẹ̀ nígbà tí kò bá sí orúkọ mìíràn nínú fáìlì. Ẹni tó bá fi M54.5 sórí aláìsàn tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ti wọ inú eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ti yọ aláìsàn náà kúrò nínú iye àwọn tí ilé ìwòsàn ń kà fún ikọ́ ẹ̀gbẹ, ẹnikẹ́ni kò sì ní mọ̀. Ẹni tó bá sì fi kóòdù àìsàn dísìkì (ìrọ̀rí rírọ̀ tó wà láàrin eegun ẹ̀yìn kan àti èkejì) sórí ẹni tí dókítà kò sọ bẹ́ẹ̀ fún ti gbé àìsàn tí kò ní kọ́ ọ lọ́rùn, àìsàn náà yóò sì máa tẹ̀lé e láti fáìlì dé fáìlì, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń sanwó adójútòfò ìlera rẹ̀.

Kí ẹ tó yan kóòdù, ẹ mọ ìwé tó wà níwájú yín

Mo fi èyí ṣíwájú nítorí pé ibẹ̀ ni mo ti rí i tí àṣìṣe pọ̀ jù. Ìwé tí a fi ń kọ́ òṣìṣẹ́ àkọsílẹ̀ ìlera ní Nàìjíríà ni ICD-10, ìwé kóòdù àìsàn ti Àjọ Elétò Ìlera Lágbàáyé, èyí tí àpérò àjọ náà fọwọ́ sí ní ọdún 1990, tí àwọn orílẹ̀-èdè sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò láti ọdún 1994. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wá kóòdù ẹ̀yìn ríro lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ti Amẹ́ríkà ni yóò kọ́kọ́ bá pàdé, ìyẹn ICD-10-CM, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò níbẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2015. Ìwé méjèèjì jọra títí dé nọ́ńbà kan lẹ́yìn ojúàmì, lẹ́yìn náà ni ọ̀nà wọn pínyà, ibi tí wọ́n sì ti pínyà gan-an ni ẹ̀yìn ríro wà.

Ní Amẹ́ríkà, láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2021, wọn kì í gba M54.5 lásán mọ́. Wọ́n ti pín in sí mẹ́ta: M54.50 fún ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ tó ń ro láìsí àlàyé, M54.51 fún ìrora tó ti inú eegun ẹ̀yìn fúnra rẹ̀ jáde, àti M54.59 fún irú mìíràn. Nínú ìwé ti Àjọ Elétò Ìlera Lágbàáyé, M54.5 dúró láàyè ara rẹ̀. Bí ẹ bá rí nọ́ńbà kejì lẹ́yìn ojúàmì níbẹ̀, iṣẹ́ mìíràn ló ń ṣe: ó ń sọ apá ibi tí àìsàn wà lára ọ̀pá ẹ̀yìn. Nọ́ńbà 2 dúró fún ọrùn, 4 fún ẹ̀yìn àyà, 6 fún ìbàdí, 7 fún ibi tí ìbàdí ti pàdé eegun ìdí, 0 fún ibi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, 9 sì ni fún ibi tí wọn kò sọ.

Ẹ fi M54.31 wò ó. Ní Amẹ́ríkà, ìrora iṣan ńlá tó gba ìdí sọ̀ kalẹ̀ sí ẹsẹ̀ ọ̀tún ni, nítorí pé 1 níbẹ̀ túmọ̀ sí ọ̀tún, 2 sì túmọ̀ sí òsì. Nínú ìwé tiwa, 1 ni ibi tí agbárí ti jókòó lé eegun ọrùn àkọ́kọ́ àti ìkejì. Òṣìṣẹ́ tó bá ṣe àdàkọ M54.31 láti ojú ìwé Amẹ́ríkà sínú fáìlì kan ní Adó-Èkìtì ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé iṣan ìdí ń ro aláìsàn ní ìpàkọ́. Kọ̀ǹpútà kò ní bá a jiyàn. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ yín pé kí ẹ kọ orúkọ ìwé tí ẹ ń lò sára ògiri ọ́fíìsì, kí ẹ má sì ṣe mú kóòdù kankan láti íntánẹ́ẹ̀tì láìjẹ́ pé ẹ ti fi wé ìwé yín.

Ìyàtọ̀ kan tún wà tó jinlẹ̀ ju ti nọ́ńbà lọ. Àwọn dókítà wa fẹ́ràn láti fi àmì ìbéèrè síwájú orúkọ àìsàn, bíi kí wọ́n kọ “?PIVD”, ìyẹn ni pé wọ́n fura pé dísìkì ti yọ kúrò ní ipò rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, òfin àwọn aláìsàn tí kò gba ibùsùn kò gbà kí a sọ ìfura di kóòdù. Àmì àìsàn tí aláìsàn gbé wá ni wọn yóò kọ, nítorí náà M54.5 tó ti pín sí mẹ́ta yẹn ni yóò gbà. Ìwé Àjọ Elétò Ìlera Lágbàáyé sọ ohun mìíràn: bí ìfura náà bá ṣì jẹ́ ìfura títí ìtọ́jú fi parí, tí kò sí àlàyé mìíràn, a ó kọ kóòdù rẹ̀ bí ẹni pé ó dájú. Lójú tèmi, ó yẹ kí a lo òfin yìí pẹ̀lú ìfarabalẹ̀, kí a sì kọ́kọ́ padà sọ́dọ̀ dókítà, nítorí pé àmì ìbéèrè tó wà nínú fáìlì láti ọjọ́ kìíní lè ti rí ìdáhùn nínú àwòrán MRI tí wọ́n so mọ́ ẹ̀yìn fáìlì kan náà.

M54.5, M54.3 tàbí M54.4

Àwọn mẹ́ta yìí jọ wà lábẹ́ M54, ibi tí wọ́n kó gbogbo ìrora ẹ̀yìn tí a kò mọ orísun rẹ̀ sí. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ọ̀nà tí ìrora náà ń gbà. M54.5 ni ti ìrora tó dúró sí ẹ̀yìn ìsàlẹ̀, láti ìsàlẹ̀ egungun ìhà títí dé ìdí. M54.3 ni ti ìrora tó ń tẹ̀lé iṣan ńlá láti ìdí lọ sí itan, ojúgun àti ẹsẹ̀, nígbà tí fáìlì kò sọ nǹkan kan nípa ẹ̀yìn. M54.4 ni ti ẹni tó ní méjèèjì pa pọ̀. Nítorí náà, ẹ kò gbọ́dọ̀ kọ M54.5 àti M54.3 tẹ̀léra wọn fún ẹnì kan ní ọjọ́ kan. Bí méjèèjì bá wà, M54.4 nìkan ló yẹ, ìwé náà fúnra rẹ̀ ló sì yọ ọ̀kan kúrò lábẹ́ èkejì.

Ìṣòro wà nínú fáìlì tí dókítà ti kọ pé ẹ̀yìn ń ro màmá kan láti Ìjerò, tí ìrora náà sì ń dé itan. Ǹjẹ́ M54.4 nìyẹn? Kò tíì rí bẹ́ẹ̀. Ìrora lè ti oríkèé tàbí ẹran ara ẹ̀yìn tàn dé itan láìjẹ́ pé iṣan ìdí lọ́wọ́ sí i, dókítà nìkan ló sì lè fi ọwọ́ gbé ẹsẹ̀ aláìsàn sókè, kí ó wo ibi tí ó ti ń ta á, kí ó sì pinnu. Bí kò bá kọ sciatica, ìyẹn ìrora iṣan ìdí, sílẹ̀, ẹ má ṣe bá a kọ ọ́. Ẹ fi M54.5 sílẹ̀, tàbí kí ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tó sàn jù.

Ní ti àwọn yòókù nínú M54, ibi tó ń ro ló ń yàn wọ́n. Ọrùn ní M54.2, ẹ̀yìn àyà ní M54.6, M54.9 sì ni ti ẹni tí fáìlì rẹ̀ sọ pé ẹ̀yìn ń ro ó láìsọ apá ibo. M54.9 yìí ni mo kà sí kóòdù tó kẹ́yìn, nítorí pé ó ṣọ̀wọ́n kí dókítà má mọ ibi tó ń ro aláìsàn rẹ̀. Kíkọ ni kò kọ ọ́.

Ohun kan tún wà tó yẹ kí ẹ mọ̀ nípa M54.5. Nínú ìwé Àjọ Elétò Ìlera Lágbàáyé, ẹran ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ tó fà nítorí iṣẹ́ àṣejù wà lábẹ́ M54.5, nígbà tí ìwé Amẹ́ríkà yọ ọ́ kúrò níbẹ̀ pátápátá, tí ó sì gbé e sọ́dọ̀ àwọn ìpalára, sábẹ́ S39.012. Àgbẹ̀ tó bá kọ ebè láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì kọ̀ láti nà ní ọjọ́ kejì, ní kóòdù méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ìwé méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn kan náà ni.

Nígbà tí iṣan bá lọ́wọ́ sí i: M54.1, M51.1, M47.2

Tí dókítà bá kọ radiculopathy, ohun tó ń sọ ni pé gbòǹgbò iṣan kan, níbi tó ti ń jáde láti inú ọ̀pá ẹ̀yìn, ti rí ìpalára tàbí ohun kan ń tẹ̀ ẹ́. Aláìsàn lè sọ pé ẹsẹ̀ òun kú tipiri, pé ó ń ta òun bí abẹ́rẹ́, tàbí pé bàtà ń bọ́ lẹ́sẹ̀ òun láìmọ̀. Kóòdù mẹ́ta ló wà fún un, ìbéèrè kan ṣoṣo ló sì ń yàn láàrin wọn: kí ló ń tẹ iṣan náà?

Bí dókítà kò bá mọ̀ ọ́n tàbí tí kò kọ ọ́, M54.1 ni. Bí dísìkì bá ni, tí fáìlì sì sọ ọ́ gbangba, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní M54.1, ó ti di M51.1, àfi tó bá jẹ́ ti ọrùn, tí M50.1 wà fún. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ orí ló mú eegun àti oríkèé ẹ̀yìn wú sójú ọ̀nà iṣan, ìyẹn spondylosis, M47.2 ni. Ìwé náà kọ ọ́ sábẹ́ M54.1 fúnra rẹ̀ pé kí a má ṣe lò ó níbi tí dísìkì tàbí spondylosis bá ti fara hàn. Bákan náà ni sciatica tí dísìkì fà: M51.1 ni, kì í ṣe M54.3 mọ́.

M51.1 ní àmì ọ̀bẹ (†) lára, kóòdù kejì tó ní àmì ìràwọ̀ (*) sì lè bá a rìn, ìyẹn G55.1. Èyí tó ní àmì ọ̀bẹ ń sọ àìsàn tó wà ní ìdí ọ̀rọ̀, èyí tó ní ìràwọ̀ ń sọ ibi tó ti fara hàn. A kò gbọ́dọ̀ fi kóòdù oníràwọ̀ sílẹ̀ ní òun nìkan láé.

Bí kì í bá wá ṣe gbòǹgbò iṣan ni ohun kan ń tẹ̀, tó jẹ́ ọ̀pá iṣan ńlá tó gba àárín eegun ẹ̀yìn kọjá, kóòdù tún yí padà: M51.0 fún ti dísìkì, M50.0 bí dísìkì ọrùn bá ni, M47.1 fún ti spondylosis. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìjọra àwọn nọ́ńbà náà tàn yín. Ẹni tó ní M54.1 lè máa mu oògùn nílé, kí ó sì máa lọ sọ́dọ̀ àwọn onífisiotẹ́rápì, ṣùgbọ́n ẹni tó ní M51.0 lè nílò iṣẹ́ abẹ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má baà rọ. Èyí tó tún yá ju gbogbo wọn lọ ni G83.4, nígbà tí ohun kan bá fún àkójọ iṣan ìsàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn pa, tí aláìsàn kò lè darí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ mọ́, tí àárín itan rẹ̀ sì kú. Mo ti rí irú fáìlì bẹ́ẹ̀ tó gba M54.5, tí ìtàn ìtọ̀ tí kò ṣeé mú dúró sì wà nínú rẹ̀ ní ojú ewé kejì.

Kí a tó kúrò lórí dísìkì, ẹ fi M51.2 wé M51.3. M51.2 ni dísìkì tó ti yẹ̀ kúrò ní ipò, ẹ̀yìn ríro tó bá sì tìdí rẹ̀ wá wà nínú rẹ̀, ẹ kò ní fi M54.5 kún un. M51.3 ni dísìkì tó ti gbó, tó ti gbẹ, tó ti fẹ́lẹ́. Èkejì yìí wọ́pọ̀ nínú àwòrán àwọn àgbàlagbà tí nǹkan kan kò ṣe lẹ́yìn rárá, nítorí náà kí àwòrán fi í hàn kò túmọ̀ sí pé òun ló ń ro aláìsàn. Dókítà ló gbọ́dọ̀ so ó pọ̀ mọ́ ìrora náà. Àwọn ará Amẹ́ríkà ti rí i pé ọ̀rọ̀ yìí nílò àlàyé, láti oṣù kẹwàá ọdún 2024 ni wọ́n sì ti pín dísìkì ìbàdí tó gbó sí M51.360 fún ìrora ẹ̀yìn nìkan, M51.361 fún ìrora ẹsẹ̀ nìkan, M51.362 fún méjèèjì àti M51.369 nígbà tí fáìlì kò bá mẹ́nu ba ìrora. Àwa kò ní irú ìpín bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè tó wà nínú rẹ̀ dára fún wa pẹ̀lú.

Orúkọ tí dókítà wa máa ń kọ jù fún àgbàlagbà ni lumbar spondylosis. Bí kò bá sí iṣan tó lọ́wọ́ sí i, M47.8 ni, ẹ sì lè fi 6 kún un kí ó di M47.86. Ọ̀nà inú ọ̀pá ẹ̀yìn tó há ní M48.0, eegun ẹ̀yìn kan tó yọ́ síwájú lórí èkejì ní M43.1, ẹ̀yìn tó wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ní M41. Àwọn wọ̀nyí kò le, nítorí pé orúkọ wọn nínú fáìlì kì í sábà ní ìtumọ̀ méjì.

Ìpalára: lẹ́tà M tàbí lẹ́tà S

Ẹlẹ́mu kan já láti orí ọ̀pẹ nítòsí Ìsẹ̀. Wọ́n gbé e dé, fọ́tò X-ray fi hàn pé eegun ìbàdí rẹ̀ kan ti fọ́. Kò sí ohun tó kan M54 nínú ọ̀rọ̀ yìí. S32.0 ni kóòdù eegun ìbàdí tó dá, W14 sì ni kóòdù tó ń sọ pé orí igi ló ti já. Bí eegun bá wà ní pípé, tó sì jẹ́ iṣan oríkèé ló yẹ̀ tàbí tó fà, S33.5 ni, bí dísìkì bá ya nítorí ìjábọ́ náà, S33.0 ni, kì í ṣe M51.2. Eegun ẹ̀yìn àyà tó dá ní S22.0. Ọlọ́kadà tó ṣubú láìkọlu nǹkan kan ní V28 tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kóòdù ìpalára. Ìwé ICD-10 kọ ọ́ sórí M50 sí M54 pé ìpalára tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Mo fẹ́ kí àwa ní Èkìtì má ṣe fojú kékeré wo àwọn kóòdù V àti W wọ̀nyí. Ọ̀pọ̀ ló ń fò wọ́n nítorí pé kò sí owó tó so mọ́ wọn. Àmọ́ bí ìjọba bá fẹ́ mọ iye ẹlẹ́mu tó ń já láti orí ọ̀pẹ, tàbí iye ọlọ́kadà tí ojú ọ̀nà kan ń ṣe léṣe, kò sí ibòmíràn nínú àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn tí yóò ti rí i. S32.0 nìkan kò lè sọ ọ́.

Ẹ fi ẹlẹ́mu yìí wé ìyá arúgbó kan tó tẹ̀ ba láti gbé garawa omi, tí ẹ̀yìn rẹ̀ dún, tí fọ́tò sì fi eegun tó wó hàn. Eegun dá lára àwọn méjèèjì, kóòdù wọn kò sì pàdé. Garawa omi kò tó ohun tí ń dá eegun tó le. Bí dókítà bá kọ pé eegun ìyá náà ti di ẹlẹgẹ́ lẹ́yìn tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dáwọ́ dúró, M80.0 ni, kóòdù kan ṣoṣo tó ń sọ eegun ẹlẹgẹ́ àti dídá rẹ̀ pa pọ̀. Ẹni tó bá fi S32.0 sí i ti sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ìjàm̀bá, kò sì sí ẹni tí yóò rántí láti tọ́jú eegun rẹ̀ kí òmíràn má baà dá.

Ìgbà tó ti kọjá náà ṣe pàtàkì. Bí ẹlẹ́mu wa bá padà wá lẹ́yìn ọdún méjì pé ẹ̀yìn ń ro òun, tí dókítà sì so ó mọ́ ìjábọ́ àtijọ́, a kò tún ní kọ S32.0. Ìrora tàbí àléébù tí wọ́n ń tọ́jú ni yóò ṣíwájú, T91.1 yóò sì tẹ̀lé e láti fi hàn pé àṣẹ́kù eegun ẹ̀yìn tó dá ni.

Nígbà tí ẹ̀yìn kàn ń jẹ́ iṣẹ́ fún àìsàn mìíràn

Nínú àwọn òfin tí ICD-10 fi ń yan àìsàn pàtàkì, òfin kan tí wọ́n ń pè ní MB3 sọ pé bí ohun tí wọ́n kọ sí ipò àìsàn pàtàkì bá jẹ́ àmì lásán, tí àìsàn tó fà á sì wà ní ibòmíràn nínú fáìlì tí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀, àìsàn náà ni kí a gbé síwájú. Òfin yìí ló ń gbà wá lọ́wọ́ M54.5 jù.

Ọmọ tó ní sickle cell, tí ẹ̀yìn àti ìbàdí bá ń ro nígbà tí àìsàn náà bá gbé e dè, D57.0 ló yẹ ẹ́. Ẹni tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ti jẹ eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ní A18.0 àti M49.0, A18.0 ló sì gbọ́dọ̀ ṣíwájú nítorí pé òun ló ní àmì ọ̀bẹ. Bàbá tí jẹjẹrẹ prostate ti ràn dé eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ní C61 fún orísun àti C79.5 fún eegun tó ràn dé, ohun tí wọ́n sì tọ́jú ní àkókò yẹn ni yóò sọ èwo ló ṣíwájú. Aboyún tí ìbàdí ń ro nítorí oyún wà lábẹ́ orí O nínú ìwé, ní O99.8, ẹ sì lè fi M54.5 tẹ̀lé e láti ṣàlàyé. Bí kíndìnrín bá ni, ìrora òkúta tí wọn kò tíì rí ojú rẹ̀ ní N23, òkúta tí wọ́n ti rí nínú kíndìnrín ní N20.0, kíndìnrín tí kòkòrò ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ ní N10. Ẹ ṣọ́ra níbí, nítorí pé bí fáìlì bá sọ pé ẹ̀gbẹ́ ìbàdí ń dun aláìsàn, tí kò sì sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, M54.5 náà ni ìwé yóò darí yín sí.

Aláìsàn fúnra rẹ̀ lè sọ pé jẹ̀díjẹ̀dí ló mú òun ní ìbàdí, tàbí pé làkúrègbé ni. Dókítà a máa kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ìtàn àìsàn bí aláìsàn ti sọ ọ́. Apá tí dókítà ti kọ ìdájọ́ tirẹ̀ ni ẹ ó ti mú kóòdù, kì í ṣe apá ìtàn.

ICD-11 àti àwọn ilé ìwòsàn alábọ́dé

Àpérò Àjọ Elétò Ìlera Lágbàáyé fọwọ́ sí ICD-11 ní oṣù karùn-ún ọdún 2019, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2022. Nínú rẹ̀, ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ ríro ti kúrò láàrin àwọn àìsàn eegun àti ẹran ara, ó ti lọ bá àwọn àmì àìsàn, ó sì ń jẹ́ ME84.2. Mo gbà pé ibẹ̀ gan-an ló yẹ kó wà. Ìrora tó bá ti kọjá oṣù mẹ́ta tún ní ilé tirẹ̀, MG30, tí MG30.02 wà nínú rẹ̀ fún ìrora ẹ̀yìn ọlọ́jọ́ pípẹ́ tí a kò rí àìsàn mìíràn tó fà á. ICD-10 kò lè ya ẹni tí ẹ̀yìn ro fún ọ̀sẹ̀ kan sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ó ti ń ro láti ọdún mẹ́wàá, M54.5 ni àwọn méjèèjì. Bí dókítà bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ iye oṣù tí ìrora ti wà báyìí, àwọn fáìlì wa yóò ti wà ní ìmúrasílẹ̀.

Fún ilé ìwòsàn alábọ́dé tí kò ní ẹ̀rọ fọ́tò, ICPC-2, ìwé kóòdù tí a ṣe fún irú ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀, rọrùn ju ICD méjèèjì lọ, nítorí pé ó gbà kí a kọ ohun tí aláìsàn gbé wá láìfipá wá orúkọ àìsàn. L03 ni ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ tó ń dunni, L84 ni àìsàn ẹ̀yìn tí kò tàn dé ẹsẹ̀, L86 sì ni èyí tó tàn dé ẹsẹ̀.

Bí a ṣe ń béèrè lọ́wọ́ dókítà

Níbi tí fáìlì bá ti dákẹ́, ìbéèrè ló kù. Ẹ má ṣe bi dókítà pé, “Ṣé kí n kọ M51.1?” nítorí pé kóòdù kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ìbéèrè bẹ́ẹ̀ sì ń tì í síhà ìdáhùn kan. Ẹ bi í ní ohun tó lè dáhùn láti inú àyẹ̀wò rẹ̀: “Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Nínú fáìlì màmá yìí, ẹ kọ pé ẹ̀yìn ń ro wọ́n dé ẹsẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé ẹ lè kọ ohun tó fà á sílẹ̀ bí ẹ bá ti mọ̀ ọ́n, tàbí kí ẹ kọ ọ́ pé ẹ kò tíì mọ̀ ọ́n?” Ìdáhùn náà gbọ́dọ̀ wọ inú fáìlì pẹ̀lú ọjọ́ àti ìfọwọ́sí rẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹnu tí a sọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kò lè gbè kóòdù lẹ́sẹ̀ nígbà tí àwọn alábòójútó adójútòfò bá dé láti yẹ ìwé wò.

Bí ìdáhùn bá sì jẹ́ pé òun kò tíì mọ ohun tó fà á, M54.5 tàbí M54.4 ni kí ẹ kọ pẹ̀lú ọkàn tó balẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà tí ìrora náà gbà. Nígbà tí aláìsàn bá padà wá, tí MRI sì ti sọ̀rọ̀, fáìlì ọjọ́ náà yóò gba kóòdù tirẹ̀. Ẹ má ṣe padà lọ yí ti àkọ́kọ́, nítorí pé òtítọ́ ọjọ́ yẹn ló wà níbẹ̀.